Lẹ́tà Ògbólógbòó: Iṣẹ́ Búrọ́ọ̀ṣì Lára Ọkọ̀ àti Ògiri Èkó, àti Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Fi Í Ṣe

 

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní gbangba lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ máa ń kọ sára mọ́tò wọn. Àkòrí tí mo fún ọ̀rọ̀ náà ni "Ọ̀rọ̀ Ara Ọkọ̀". Ẹni tí a gbé iṣẹ́ pósítà fún lo irú lẹ́tà kan tó fa ojú mọ́ra púpọ̀. Ó dà bí ẹni pé búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀ ni a fi kọ ọ́: etí lẹ́tà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, ihò wẹ́wẹ́ wà nínú wọn, ẹ̀kán ọ̀dà sì ta káàkiri. Ṣùgbọ́n kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. ORO ARA OKO ni a tẹ̀ síbẹ̀, àfi pé ẹ̀kán ọ̀dà kan bọ́ sábẹ́ O kejì nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, òmíràn sì bọ́ sábẹ́ O kejì nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, tí gbogbo rẹ̀ wá dà bí ORỌ ARA OKỌ.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ nípa ìró èdè wa mọ̀ pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kò fi ọ̀rọ̀ méjì ṣẹ̀dá, o àti ọ kì í gbé ilé kan náà. Ojú òǹkàwé ní láti mú ọ̀kan: kó sọ méjèèjì di o, tàbí kó sọ méjèèjì di ọ. Ìyá àgbà kan tó ń tajà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà wa mú ti àkọ́kọ́. Ó béèrè bóyá Orò ni yóò jáde lọ́jọ́ náà, kí òun lè tètè palẹ̀ ọjà òun mọ́, nítorí obìnrin kì í rí Orò. Àwọn ọmọge mélòó kan mú ti kejì, wọ́n sì wá jókòó síwájú láti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ara ọkọ. Mo sọ̀rọ̀ bọ́lẹ̀kájà fún wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Sùúrù wọn pọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpa irú lẹ́tà yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́. Nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé, lẹ́tà ní ìsọ̀rí púpọ̀, ṣùgbọ́n fún ohun tí à ń wí lónìí, méjì tó wa. Èkíní ni lẹ́tà ìkàwé, irú èyí tí ẹ ń kà yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ojú gba ara rẹ̀ kọjá lọ bá ìtumọ̀ láìdúró. Èkejì ni lẹ́tà àfihàn, tí a ń tẹ̀ gàdàgbà sí àkòrí, sí pósítà, sí páálí ọjà àti sí èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù. Òun ń fẹ́ kí a rí òun. Inú ìsọ̀rí kejì yìí ni lẹ́tà tí mo pè ní ògbólógbòó wà. Bí a ti ń ṣe é nìyí: ayàwòrán á ti búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ bọ inú ọ̀dà tàbí tàdáwà, á nù ún kí ó gbẹ díẹ̀, á wá fi kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí bébà tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Irun búrọ́ọ̀ṣì á pínyà, bébà á sì fara hàn láàárín wọn. Lẹ́yìn èyí, wọn á ya àwòrán bébà náà sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á fi ìlà yí etí gbogbo àbàwọ́n tó wà níbẹ̀ ká, wọn á sì so àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́ bọ́tìnì lẹ́tà tirẹ̀. Nítorí pé etí wọn rí pálapàla, ohun tí kọ̀ǹpútà ní láti rántí nípa wọn pọ̀ ju ti lẹ́tà etí dídán lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ fi máa ń wúwo fún ẹ̀rọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì gidi kò ní. Ọwọ́ ènìyàn kì í kọ A méjì kí wọ́n rí bákan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ju A kan ṣoṣo tí a fún un lọ. Bí ihò kan bá wà léjìká A yẹn, gbogbo A tó wà lójú ìwé ni yóò ní ihò léjìká, àṣírí á sì tú pé kì í ṣe ọwọ́ ló kọ ọ́. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú máa ń ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí fọ́ǹtì lè máa pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀ bí lẹ́tà kan bá tún ara rẹ̀ sọ nítòsí. Ibí ni mo ti rí ojútùú pósítà mi. O méjì ló wà nínú fọ́ǹtì náà, ọ̀kan mọ́ nídìí, èkejì ní ẹ̀kán ọ̀dà lábẹ́, wọ́n sì ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó yà á kò ṣe àṣìṣe. Ní èdè tirẹ̀, ẹ̀kán ọ̀dà kò sọ nǹkan kan. Ní èdè tiwa, fáwẹ̀lì mìíràn ni.

Àfarawé búrọ́ọ̀ṣì nínú ìtẹ̀wé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1942, Robert E. Smith ya Brush Script fún ilé-iṣẹ́ American Type Founders ní Amẹ́ríkà. Ní 1953, Roger Excoffon gbé Mistral jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó sì gbé e ka ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀. Òjé ni a fi ń rọ lẹ́tà nígbà náà, kò sì rọrùn láti rọ etí gbígbẹ àti ihò wẹ́wẹ́. Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nínú yàrá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ìhà ìlú Èkó tí à ń gbé yìí, láti Yábà dé Sùúrùlérè àti Muṣin, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí danfó tó gba títì, bọ́lẹ̀kájà ló wà, ọkọ̀ Bedford tí àwọn káfíńtà wa kan pákó mọ́ lẹ́yìn. Orí pákó tó wà lókè iwájú awakọ̀ ni a ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Mólúè tẹ̀lé e, èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin wa fi páànù kan ara rẹ̀ sórí férémù Mercedes 911. "Ayé Ń Yí", "Sùúrù", "No Condition Is Permanent", "Ẹ Fọkàn Balẹ̀": bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá lọ ni ìwé ń ṣí lójú ẹni. Lítíréṣọ̀ tí kò ní olóòtú ni, tí kò sì sí ẹni tó ń ra á, síbẹ̀ tí gbogbo ìlú ń kà á.

Mo ti dúró ti àwọn akọ̀wé ara ọkọ̀ lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, mo sì ti dúró tì wọ́n nítòsí ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fọ ojú ibẹ̀, á fi sáńpépà ha á. Á fi òwú tó ti yí nínú ṣọ́ọ̀kì na ìlà méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Á fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú lẹ́tà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ìgbà náà ni ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ó máa ń gbé ọwọ́ tó ń kọ̀wé lé ọwọ́ kejì, tàbí lé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ó má baà gbọ̀n. Bí ọ̀dà bá sì ń tán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, á tún un tì bọ inú agolo kí ó tó gbẹ. Bí ó bá kọ ọ́ tán, á fi àwọ̀ kejì ṣe òjìji sí apá kan lẹ́tà, kí ó lè dà bí ẹni pé ó yọ jáde lára páànù. Etí tó mú bí abẹ ni ògo rẹ̀.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ẹnu búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí fọ́ǹtì ògbólógbòó ń tà fún wa gẹ́gẹ́ bí ẹwà, òun gan-an ni ohun tí ọ̀gá yóò torí rẹ̀ gbá ọmọṣẹ́ létí. Mo fi pósítà mi han ọ̀kan nínú wọn, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó gbé e jìnnà sójú, ó tún un gbé súnmọ́ ọn, ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹni tó kọ eléyìí kò tíì gba fíríídọ̀mù." Mo ṣàlàyé fún un pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Lóòótọ́, lẹ́tà bàbá náà pẹ̀lú ń gbó. Oòrùn ń sá ọ̀dà pupa kí ó tó kan dúdú. Ìpẹtà ń wú láti abẹ́ ọ̀dà, á sì ṣí i sókè bí èèpá. Nítòsí ilẹ̀kùn danfó, níbi tí kọ́ńdọ́ ń fi ọwọ́ dì mú láti àárọ̀ dé alẹ́, àárín ọ̀rọ̀ á ti pa rẹ́ nígbà tí orí àti ìdí rẹ̀ ṣì ń dán. Bí wọ́n bá kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó wó, tí wọ́n sì tún un kùn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ á máa yọjú lábẹ́ ọ̀dà òféèfèé tuntun, tó fi jẹ́ pé awakọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn á jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbígbó báyìí ní ìdí. A lè kà á bí a ti ń ka ìlà ojú àgbà. Ti fọ́ǹtì kò ní ìdí kankan. Ibi tó wu ayàwòrán ló ti gbó.

Bí a bá sì fẹ́ rí búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gidi, ara ògiri ni ká lọ. "This House Is Not For Sale" ni a ń rí lára ilé káàkiri Èkó, ọ̀dà pupa tàbí dúdú, tí onílé fi ń dáàbò bo ogún bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gbájú-ẹ̀. Àmì X pupa tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fà sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó ń bẹ pẹ̀lú. Kì í ṣe akọ̀wé ara ọkọ̀ ló kọ wọ̀nyí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ló kọ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun ilé, sára síméǹtì tí a kò rẹ́ dáadáa. Síméǹtì náà á gé ìlà ọ̀dà sí wẹ́wẹ́, ọ̀dà tó pọ̀ jù á ṣàn sílẹ̀ láti ìdí lẹ́tà. Ìdí tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fi ń mú ọkàn wa sọ kúlú nìyí: a mọ̀ pé ìkánjú tàbí ìbẹ̀rù wà lẹ́yìn rẹ̀. Agbára yìí gan-an ni fọ́ǹtì ògbólógbòó wá yá lò fún pósítà fíìmù àti fún páálí ohun mímu.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé ògiri ni MA TO SIBI. Ẹ wo iṣẹ́ tí àìsí àmì ń fún wa ṣe. MA lè jẹ́ má, ìkìlọ̀. Ó sì lè jẹ́ máa, ìyọ̀ǹda. TO lè jẹ́ tọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ó sì lè jẹ́ tò, ìyẹn kí a tò sórí ìlà. Ìtumọ̀ mẹ́rin ló ti wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ibi tí a kọ ọ́ sí, igun òkùnkùn lẹ́yìn ọjà, pẹ̀lú òórùn ibẹ̀, ló ń fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wa. Àyíká ló ń fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n lórí pósítà, tàbí lẹ́yìn ìwé tí a gbé lọ sí ìlú mìíràn, àyíká kò sí mọ́; lẹ́tà nìkan ló kù.

Ẹ̀sùn kejì tí mo ní lòdì sí àṣejù nínú lílo lẹ́tà yìí kì í ṣe ti àkọtọ́. Ní 1923, Rudolf Koch ti ilẹ̀ Jámánì ṣe lẹ́tà kan tí a ń pè ní Neuland fún ilé-iṣẹ́ Klingspor. Kò kọ́kọ́ yà á sórí bébà. Ó gbẹ́ ẹ tààrà sára irin, ìdí nìyí tó fi rí bí ohun tí a fi àdá gé. Koch kò ní Áfíríkà lọ́kàn rárá. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ayàwòrán ìlú òkèèrè sọ ọ́ di aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ Áfíríkà, ìgbẹ́ àti ẹranko. Nígbà tí fíìmù Jurassic Park jáde ní 1993, irú lẹ́tà yìí kan náà ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀. Ẹranko tó ti kú tán láyé àti ìwé ìtàn àròsọ láti Ìbàdàn ń wọ ẹ̀wù kan náà! Lẹ́tà ògbólógbòó ń tọ ọ̀nà yìí báyìí. Mo ti rí ìwé ewì Yorùbá tí ewì inú rẹ̀ dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n tí àkòrí rẹ̀ lẹ́yìn dà bí ohun tí a fi ìgbálẹ̀ kọ. Ta ló sọ fún wọn pé ohun tiwa kò lè ní etí tó dọ́gba?

Èyí kò wí pé kí a máa sá fún ọwọ́. Ẹ rántí Lemi Ghariokwu, tí a bí ní Èkó ní 1955. Èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù Alagbon Close ti 1974 ló kọ́kọ́ ṣe fún Fẹlá, ó sì ṣe mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún un lápapọ̀. Ilé Fẹlá tó wà ní ojú ọ̀nà Àgège ní Ìdí-Òro, tí àwọn sójà sun ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì 1977, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Lórí ọ̀pọ̀ èèpo wọ̀nyẹn, ọwọ́ ló kọ lẹ́tà, lẹ́tà sì jẹ́ ara àwòrán. Ó ń tẹ̀, ó ń wú, ó ń fún bí orin inú rẹ̀. Bí ó bá rí wúruwùru níbì kan, orin ló béèrè fún un.

Ní ìgbà tiwa yìí, sítíkà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ búrọ́ọ̀ṣì lára danfó. Wọ́n ń gé lẹ́tà láti inú rọ́bà aláwọ̀ mèremère, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Láti ara sítíkà wọ̀nyí ni Ṣèyí Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype ti rí fọ́ǹtì tí wọ́n pè ní Danfo, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts. Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé ọmọ Èkó tó fẹ́ fi Èkó ṣe lẹ́tà kò wá ọ̀dà gbígbẹ kiri. Etí mímú àti ọ̀ṣọ́ ló mú. Bàbá Ojúẹlẹ́gba ìbá mọ̀ ọ́n ní ìbátan.

Kí ni kí a wá ṣe sí àmì? Nígbà tí mo ń ṣe oyè àkọ́kọ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olówóò ni a fi tẹ iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ẹ̀rọ náà kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Odidi òru méjì ni mo fi ń fi bírò tò wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ti gbà wá lọ́wọ́ ìyà yẹn, ṣùgbọ́n ìdajì ni ó gbà wá. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé jọ ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń to àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sọ ibi tí àmì yóò gúnlẹ̀ sí lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, tí ẹ́ kan ṣoṣo á wá mọ́ tónítóní láàárín àwọn tó gbó, bí ẹni tó wọ aṣọ ìgbéyàwó lọ sóko. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́ǹtì ògbólógbòó tí mo ti dán wò ló ń ṣe báyìí, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń yà wọ́n, àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì ń yà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú fọ́ǹtì yìí fún Yorùbá lè ṣe é kó dára. Kí ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ àti òkè lẹ́tà mọ́. Kí ọ̀dà ta sínú ikùn lẹ́tà bó bá fẹ́ ta. Kí àmì ìsàlẹ̀ tóbi, kí ó sì dì pọ̀, nítorí pé ojú kéékèèké ni fínfín ń kọ́kọ́ jẹ tán. Èmi fúnra mi yóò dámọ̀ràn igi kúkúrú òòró tí àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ máa ń fi sábẹ́ lẹ́tà dípò ẹ̀kán róbótó. Ẹ̀kán ọ̀dà kì í bọ́ sílẹ̀ kí ó dúró ní òòró báyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀yìn ni mò ń wò. Mo gbà. Ẹ̀yìn náà ni fọ́ǹtì ọ̀hún ń wò, ó kàn ń ṣe bí ẹni pé ó gbó ni.

Fún ẹni tó sì fẹ́ lò ó, kí ó lò ó fún ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, kí ó tóbi, kí àyè sì wà yí i ká; pósítà eré, àwo orin, ẹ̀wù alárànbarà, orúkọ ilé oúnjẹ. Kí ó má fi kọ àdírẹ́sì àti àsìkò. Kí ó má sì fi kọ ìkìlọ̀ sára oògùn láéláé. Kí ó tó sanwó, kí ó tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko wò, kí ó gbé e fún ẹlòmíràn kà láti òdìkejì yàrá.

Ní ti pósítà tèmi, mo padà lọ bá bàbá náà, mo ní kó bá mi kọ àkòrí náà sára páátákó kan fún ọ́fíìsì mi. Iye lẹ́tà ni ó fi ń díye lé iṣẹ́. Ó kà á, ó jẹ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ó tún un kà, ó fi ìka tọ́ka sí àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun yóò gba owó àwọn náà, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí òun yóò fi kọ wọ́n ń fẹ́ ọwọ́ tó rọ̀ ju ti lẹ́tà lọ. Mo san án láìjiyàn.